Sẹ́rífò Mẹ́ta àti Ọwọ́ Kan

Titirou, Parakou
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí o ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, n kò sì tíì dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo ti gbọ́ ohùn náà títí mo fi mọ ibi tí o ti mí kanlẹ̀, mo sì mọ ibi tí ewúrẹ́ kan ti ké lẹ́yìn rẹ. O ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, sẹ́rífò wo ni kí n rà? Wọ́n ní kí n wa bọ́gì ìṣeré wa níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lísè àti àwọn òbí wọn lọ́jọ́ tí a máa ṣí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí kò bá tún yí dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mà á gbé e fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n ju tèmi lọ. Ó ti sú mi.”

Ìbéèrè yẹn kéré. Ìdáhùn rẹ̀ ni kò kéré, òun ló fi jẹ́ pé bébà ni mo mú. O mọ̀ mí. Ẹnu mi kì í yá, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sùn.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà. Ara mi le. Yàrá mi tóbi tó fún ibùsùn kan, tábìlì kan àti àpótí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì ní yunifásítì níbí, gbogbo àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n rò pé olùkọ́ ni mí. Mo kọjá lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí títí oòrùn fi wọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé ní Ṣábẹ̀, mo wá kó ara mi wá síbí ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí n lè di ẹni tí ń kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ náà ń kí mi dáadáa, “Màmá, ẹ káàárọ̀,” wọ́n á sì kọjá. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Bóyá ẹni méjì nínú wọn ló mọ tèmi.

Gàníyátù ni ọ̀kan. Ọmọ Zongo ni, àdúgbò àwọn oníṣòwò. Yorùbá rẹ̀ ní èdè Dẹ́ńdì nínú, ó sì máa ń dùn ún gbọ́. Òun ló ń jókòó tì mí, òun ló ń yá mi ní kàyé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ sí, torí pé n kò rí pátákó dáadáa láti ẹ̀yìn. Lẹ́tà rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n wọ́n fì sẹ́yìn díẹ̀, bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ọ̀já aláró kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń di kàyé rẹ̀ mọ́ tèmi kí wọ́n má baà já bọ́ lórí alùpùpù sẹ́mì.

Ojú irin tí ó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ní Ṣábẹ̀, ibí ló parí sí. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń rìn dé ibẹ̀. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan irin náà, mo sì ń sọ fún ara mi pé irin kan náà ni, pé ó ń lọ láìjá títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé kò sí ẹnì kankan nílé ìdáná náà. Ìwọ wà ní Kétu, èmi wà níbí, ilé ń dá wà. Bí ènìyàn kan bá pe “Àṣàkẹ́!” lójú títì, mo ṣì máa ń yíjú padà.

Ó tó. Jẹ́ kí n dé orí sẹ́rífò.

O kò ní gbàgbé bí bọ́gì náà ṣe dé. Ọdún tí o yege ìdánwò BEPC ni mo rí i ní Kútọnu, nínú òkìtì ẹrù àlòkù. Ara rẹ̀ pé, rédíò tí a fi ń darí rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí sẹ́rífò yẹ kí ó wà ṣófo bí ẹnu arúgbó. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ sẹ́rífò nígbà náà. Ìwọ lo sọ fún mi pé àpótí kékeré kan ni, tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, pé òun ló ń gbọ́ ohun tí rédíò wí tí ó sì ń yí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ. Àṣìṣe ni mo fi kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn àṣìṣe náà ni mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́ báyìí, kí o má baà tún wọn rà.

Èkíní, eyín inú rẹ̀. Sẹ́rífò àkọ́kọ́ tí mo rà, eyín ike ló ní. Mo wò ó pé ó fúyẹ́, ó sì lẹ́wà. Ní ọjọ́ kẹta, bọ́gì kọlu òkúta, a gbọ́ “kẹ́rẹ́”, ẹsẹ̀ iwájú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo bú ọ. Mo ní o kò wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi eyín ike sínú ọkọ̀ tí yóò máa sáré lórí òkúta Ṣábẹ̀. Eyín irin ni kí o máa rà. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀: eyín irin kì í ṣẹ́, nítorí náà bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, agbára ìkọlù náà á wá ohun mìíràn ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì kékeré fi wà láàárín sẹ́rífò àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tí ó ń tẹ̀ díẹ̀ tí ó sì ń padà sí ipò. Má yọ ọ́ dànù nítorí pé o ní eyín irin. Níbi iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú, ọmọ mi, jẹ́ kí ibì kan wà lára rẹ tí ó lè tẹ̀. Ọ̀gá rẹ yóò bá ọ wí nígbà tí o kò ṣẹ̀. Tẹ̀ díẹ̀, kí o padà sí ipò rẹ. Èmi kò ní sípíríǹgì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ tí mo pàdánù nítorí èyí pọ̀, mo sì ń ka orúkọ wọn níbí nígbà mìíràn.

Sẹ́rífò kejì, eyín irin ni, mo ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti ka eyín tí ó wà lórí rẹ̀ níta, níbi tí a ń fi apá sẹ́rífò há sí, ike kékeré tí ó ń fa ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mẹ́tàlélógún ló ní. Apá tí ó wà lọ́wọ́ wa, ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n gé fún un. Ìwọ ní kí á dá a padà. Èmi ní rárá, pé olùkọ́ kì í gbé ọjà padà bí ẹni tí kò mọ̀wé. Mo gbé apá náà sórí iná fìtílà, ó rọ̀, mo fi òòlù kàn án wọlé. Ó há. Mo yọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́: sẹ́rífò á yí, apá kò ní yí. A ba apá jẹ́, a ba sẹ́rífò jẹ́. Máa ka eyín kí o tó rà. Ohun tí kò bá ara wọn mu, má fi iná àti òòlù là wọ́n níjà. Mo fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ báyìí, èyí tí ó lágbára tí ó sì yára. O rántí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ọkọ̀ náà máa ń kú bí ó bá dé kọ́nà. A rò pé rédíò ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Sẹ́rífò náà ń jẹ iná ju ohun tí a ń fún un lọ, bí ó bá ti yí tagbáratagbára, kò ní sí iná tí ó kù fún ohun tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò. Ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o mọ iye iná tí ó fẹ́ kí o tó pè é wọlé. Ìwọ náà, jẹun láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé o kì í jẹun láàárọ̀. Mo ń wo àwọn ọmọ kíláàsì mi tí orí wọn ń dà sórí tábìlì ní agogo mẹ́wàá, ojú rẹ ni mo sì ń rí.

Ohun kan tún wà. Tan rédíò ná, kí sẹ́rífò wá àárín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí o tó de apá mọ́ ọn. Èmi máa ń de apá ná, n ó sì wá máa fipá fà á sí àárín tí mo rò pé ó yẹ. Bí o bá gbọ́ tí sẹ́rífò ń kùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò darí rẹ̀, ẹnì kan ti dè é síbi tí kì í ṣe àárín rẹ̀. Kò ṣàìsàn. Ó ń jà láti padà sí ibi tí a dá a mọ́ ni.

Àṣàkẹ́, mo gbọ́ kíkùn yẹn nínú ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ fún Gàníyátù pé mo ń wá sẹ́rífò fún ọmọ mi. Ó fa ọwọ́ mi, ó ní bàbá òun ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù Alájì, bàbá rẹ̀, wà ní Zongo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kó èrò. Fóònù ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ kún fún ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ ìṣeré. Mo ṣí ìwé mi, mo ka ìtàn sẹ́rífò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un.

“Sẹ́rífò mẹ́ta!” ni Alájì wí. “Ìyá, ṣé bọ́gì ni tàbí tírélà?”

“Bàbá, ẹ má fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́,” ni Gàníyátù wí. “Kíláàsì kan náà la wà.”

“Kíláàsì kan náà? Ìwọ náà ti wá darúgbó nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó wá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí mo kọ nípa ẹ̀kẹta, ó sì dé ìgò tí ó kó sẹ́rífò sí.

“N kò ní èyí tí ó dára tó ti inú ọkọ̀ yín. Kí ló ń ṣe?”

“Bí ó bá dé kọ́nà, ó máa ń pẹ́ kí ó tó yí. Á lọ jìnnà.”

“Sọ́tùn-ún ni àbí sósì?”

“Méjèèjì.”

“Bí ẹ̀yin fúnra yín bá di rédíò mú ńkọ́?”

“Ó máa ń yí dáadáa.”

Alájì wò mí. “Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ? Bí ẹ̀yin bá dì í mú, ó ń yí. Kí ni sẹ́rífò ṣe? Ọwọ́ wo ni ọmọ yín fi ń kọ̀wé?”

“Ọ̀tún,” ni mo wí. Mo yára wí i jù.

“Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn?”

Mo yíjú kúrò lójú rẹ̀. Gàníyátù ti tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó ń kọ orúkọ sára ẹrù oníbàárà kan tí awakọ̀ fẹ́ gbé lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń jókòó tì í. Èmi tí mo ní ojú mi kì í sùn, mo mọ bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe fì, n kò gbà fún ara mi láti wo ọwọ́ tí ó fi ń kọ wọ́n. Òsì ni.

Alájì rí ibi tí mo ń wò. Ó ní: “Ìyá mi di ọwọ́ yẹn nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré. Mo tú u. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kí ó fi ọ̀tún jẹun, kí ó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyókù, ọwọ́ tí Ọlọ́run fi iṣẹ́ sí ni kí ó fi ṣe é. Òun ló ń tún àwọn fóònù tí ojú tèmi kò ká mọ́.”

“Bàbá, ẹ fi kún un pé ẹ kì í sanwó fún mi,” ni Gàníyátù wí láì gbójú sókè.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ náà.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà náà. Mo jẹ́ olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, o sì wà nínú kíláàsì mi. Báwo ni ọmọ olùkọ́ yóò ṣe máa fi òsì kọ ìwé níwájú àwọn ọmọ tí olùkọ́ ń sọ fún pé òsì kò dára? Àwọn òbí ń wò mí. Mo sọ òwe fún ọ, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni. Ọ̀rọ̀ kí ènìyàn má tàbùkù ilé rẹ̀ ni òwe yẹn ń sọ, kò dárúkọ bíkì ìkọ̀wé, kò dárúkọ kàyé. Èmi ni mo sọ ọ́ di okùn. Mo ya ọ̀já kan lára ìró aláró mi, mo sì de ọwọ́ òsì rẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ ní gbogbo àárọ̀, títí ọyẹ́ fi wá tí ó sì lọ. O kò sunkún. O kàn máa ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, tí wọ́n ní kí o bá wọn tọ́jú.

Èyí kọ́ ni ó burú jù. Àìmọ̀ ni mo lè pe ìyẹn. Èyí tí ó burú jù, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń ṣe é.

Ọjọ́ kejì tí a rí iná tí ó tó fún sẹ́rífò kẹta, mo wà ní ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ìwọ nìkan lo wà lágbàlá. O jókòó, o gbé rédíò lé itan, o fi ọ̀tún tẹ ibi tí ó ń mú un sáré, o sì na òsì kọjá lórí rẹ̀ lọ di kẹ̀kẹ́ ìdarí tí ó wà lápá ọ̀tún mú. Bọ́gì yí odó wa ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sún mọ́ ọn débi pé èèpo ọsàn kò lè gba àárín wọn kọjá, kò sì fara kàn án. O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ rí. Mo ti ilẹ̀kùn, ó dún, o sì yára pààrọ̀ ọwọ́ kí n tó yọjú. Bọ́gì lọ kọlu odó.

Èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo rí ohun gbogbo, mo ní: “Ọwọ́ rẹ ló lọ́ra.”

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí. Má ra sẹ́rífò kankan. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ dára. Ọwọ́ rẹ kò lọ́ra, kò lọ́ra rí. Èmi ni mo de apá kí n tó jẹ́ kí o wá àárín rẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, Àṣàkẹ́. N kò mọ bí ìyá ṣe ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi, kò sì sí nínú ohun tí a ń kọ́ níbí.

Awakọ̀ tí Alájì mọ̀ yóò gbé páálí kan wá fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ wà lára rẹ̀, Gàníyátù ló kọ wọ́n. Rédíò kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n irú èyí ni a lè tú kẹ̀kẹ́ ìdarí rẹ̀ láti apá kan sí apá kejì. Alájì ti tú u sí apá òsì níṣojú mi. Fi ọjọ́ tí ó kù dánra wò lágbàlá, kí o wá odó kan tí o lè máa yí ká. Lọ́jọ́ náà, níwájú àwọn ọmọ lísè àti àwọn òbí wọn, dì í mú bí wọ́n ṣe bí ọ. Bí àgbàlagbà kan bá kùn, jẹ́ kí ó kùn. Wo àárín àwọn ọmọ náà dáadáa: ọ̀kan á wà níbẹ̀ tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ ju ọkọ̀ lọ. Ìwọ yóò dá a mọ̀ kí n tó wí.

Bí ìsinmi bá dé, wá sí Parakou. Wàgáṣì, wàrà ibí, dára, mo máa dín in fún ọ. Mo máa mú ọ lọ sí ibi tí ojú irin parí sí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a ó fi fà á mọ́ra. Mo ti ń ka òwe yìí fún àwọn òbí láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò sì gbọ́ rí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ìfẹ́ sí nínú rẹ̀.

Ọ̀já tí mo fi di páálí náà, o máa dá a mọ̀. Aláró ni, ó ti ṣá. Ó ti wà ní ìsàlẹ̀ àpótí mi láti ìgbà náà, n kò lè sọ ọ́ nù, kàyé ni mo wá ń fi í dì níbí. Mo so ó kókó méjì, kò le.

Fi òsì tú u.

Èmi, ìyá rẹ, tí ń wo ọ̀nà